Àpò Tí Mo Rán Sínú Aṣọ Funfun

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ní ọsibítù pé ikọ́ ife ló ń ṣe yín, ẹ̀yin ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Ikọ́ ife ṣe mí rí, mo sì ti gbádùn. Ẹ fi ìyẹn fọkàn balẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá mi ṣe halelúyà o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dìde níwájú ìjọ láti jẹ́rìí ìwòsàn yìí, irọ́ ni mo sì pa nígbà mẹ́ta nínú rẹ̀. Irọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ojú a máa tì mí bí ẹni tó já sí ìhòhò lójú ọjà.

Télọ̀ ni mí, Jóṣúà lorúkọ mi. Agbowó ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lẹ́bàá títì. Ọdún 1984 lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ mí jù ni aṣọ funfun tí àwa Aládùúrà ń wọ̀ lọ sílé àdúrà. Èmi ni mo rán èyí tó pọ̀ jù nínú ti ìjọ wa, láti orí ti Bàbá Wòlíì títí dé ti ẹgbẹ́ akọrin.

Ẹ sì mọ àwa télọ̀. "Ẹ wá gbà á ní Sátidé." Ẹ dé ní Sátidé, aṣọ ò tíì fojú kan sísọ́ọ̀sì. "Iná ni wọ́n mú lọ o." Iná ò lọ. "Ẹ má bínú, bọ́tìnnì nìkan ló kù." Bọ́tìnnì wo? Ogún ọdún ni mo fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí lójoojúmọ́, mi ò sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Mo kà á mọ́ iṣẹ́ ni. Ọlọ́run tún wá fún mi lẹ́nu. Bí mo bá ń sọ̀tàn, ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná á gbàgbé ọbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi a máa sọ pé, "Bàbá Dúpẹ́, iyọ̀ tiyín ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ o." Ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Mo ní eruku ni. Mo lá oyin, mo mu omi ọsàn wẹ́wẹ́, kò gbọ́. Bí mo bá jí láàárọ̀, aṣọ tí mo fi sùn á ti tutù rinrin bí ẹni pé wọ́n rì í sómi. Oúnjẹ ò wù mí jẹ mọ́. Ṣòkòtò mi ń yọ̀ bọ́ nídìí, mo bá dín in. Nígbà tó yá, mo tún un dín. Télọ̀ tó dín ṣòkòtò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù méjì, ṣé ó tún yẹ kí wọ́n máa sọ fún un pé nǹkan ń ṣe é? Ọjọ́ tí ojú mi wá là ni ọjọ́ tí mò ń ṣẹ́tí aṣọ funfun kan, tí ikọ́ gbé mi, tí ẹ̀jẹ̀ ta sí i. Mo fọ̀ ọ́, kò mọ́ tán. Mo sọ fún ẹni tó ni ín pé epo máṣíìnì ni. Ẹ rí i? Ẹ̀jẹ̀ àyà ara mi, mo tún fi purọ́.

Ìyá Sùnkànmí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, gbọ́ ní Ìsẹ́yìn, ó sì gbéra. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì àgbo kan wá àti agúnmu tí wọ́n dì sínú ọ̀rá.

"Jóṣúà, èyí kì í ṣe ojú lásán o. Àwọn kan ló fi nǹkan sí ọ lára. Ìwọ ṣáà máa mu èyí láràárọ̀, kó o tó fọhùn sí ẹnikẹ́ni."

Mo mu ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú ló ń run mí, ikọ́ ò kúrò. Nígbà tí mo wá lọ bá Bàbá Wòlíì, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n bu omi fún mi, wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́ kí wọ́n má baà bú ìjọ wa nítorí tèmi. Wọ́n ní, "Jóṣúà, omi yìí kì í bá oògùn jà. Kó o tó wá gba òmíràn lọ́dọ̀ mi, kó o ti dé ọsibítù."

Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ lọ. Ayé ṣọ́jà ni, ìgbà tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ìlú ní títò sórí ìlà, ìlà tí a bá níbẹ̀ sì gùn dé ìdí igi lóde. Gbogbo wa la ń wúkọ́. Mo fa fìlà bo ojú, kí ẹnikẹ́ni láti Agbowó má baà dá mi mọ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù, Dùgbẹ̀ ni mo sọ fún wọn pé mo ń lọ, pé mo fẹ́ ra òwú. Wọ́n ní kí n tutọ́ sínú ike, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, èsì sì jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó wa jẹ́ obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, oògùn oníhóró, títí á fi pé ọdún kan àtààbọ̀. Ara yín á ti yá tipẹ́tipẹ́ kí oògùn tó tán. Ibẹ̀ ló ti ń mú èèyàn. Bẹ́ ẹ bá dá a dúró, àìsàn yìí á padà wá, á sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Ìdí mi le bí igi nítorí abẹ́rẹ́. Wọ́n ní kí n máa jẹ ẹyin àti wàrà, Àbẹ̀kẹ́ sì ta ìró rẹ̀ tó dára jù kí n lè rí wọn jẹ. Kò ráhùn. Ní oṣù kẹta, ikọ́ dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹrin, mo tún ṣòkòtò mi tú padà. Mo ń gbàdúrà, mò ń lo oògùn, Ọlọ́run sì gbà mí. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe ẹ̀rí ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àpò. Nínú ìjọ wa, aṣọ funfun kì í ní àpò. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó ń lọ síwájú Ọlọ́run kì í kó nǹkan dání. Ìsìn wa sì máa ń pẹ́ kọjá àsìkò oògùn ọ̀sán, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé oníkọ́ ife ni mí. Mo bá rán àpò kékeré kan sí abẹ́ aṣọ mi, lápá òsì àyà, mo ń ki agolo ìpara kan tí mo da oògùn sí sínú rẹ̀. Mo rán an débi pé bí ẹ fọwọ́ pa á láti ìta, ẹ ò ní mọ̀. Mo tiẹ̀ fi í yangàn nínú ọkàn mi, pé ọwọ́ mi mọ́.

Ọjọ́ ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù ni àwa ń jẹ́rìí. Ìyá kan ló ṣáájú mi. Wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ní, nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan mọ́. Ilé àdúrà dìde! Agogo ń dún, àwọn kan ti bọ́ sáàárín, wọ́n ń jó. Èmi wá dìde. Mo ronú sí ẹ̀rí tèmi, tí ọsibítù wà nínú rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, mo rí i pé yóò tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹnu mi ń ké pé:

"Mi ò gba abẹ́rẹ́ kan! Mi ò gbé hóró oògùn kan mì! Omi àdúrà nìkan!"

Yéè! Ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe halelúyà fún èèyàn tí òrùlé ń gbọ̀n? Wọ́n ṣe méje, wọ́n tún ṣe méje. Mo ń fò sókè, agolo oògùn sì ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ láyà mi. Èmi nìkan ló gbọ́ ọ. Mo wo ọ̀ọ́kán ibi tí àwọn obìnrin jókòó, mo rí Àbẹ̀kẹ́. Orí ló tẹ̀ ba.

Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, kí lẹ sọ yẹn?"

"Orúkọ Ọlọ́run ni mò ń gbé ga."

"Ọlọ́run ló wá ní kẹ́ ẹ máa bá òun purọ́?"

Mo jágbe mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Wòlíì pè mí, wọ́n bi mí pé, "Ọsibítù tí mo ní kó o lọ ńkọ́?" Mo ní, "Mò ń múra àtilọ ni, Bàbá, ara mi sì ti yá." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí n máa lọ. Bí irọ́ kan bá ti wọlé, á máa pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Wọ́n pè mí sí ẹ̀ka ìjọ wa ní Challenge, mo tún un sọ níbẹ̀, ó tiẹ̀ tún dùn sí i. Wọ́n fún mi ní àmùrè aláwọ̀ búlúù. Àwọn aláìsàn ń dọ̀bálẹ̀ kí n gbàdúrà fún wọn, mo sì ń gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Oògùn mi ò sì yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tó yẹ kí n sọ fún gbogbo wọn, inú àpò ló wà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo jẹ́rìí ni ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ wa. Bí ìsìn ṣe parí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mọrẹ́nikẹ́ wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀ ló ti ń tẹ tápúrétà, òun ló sì ń dá orin fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Ohùn ọmọ yẹn, bó bá gbé e sókè, ẹni tó ń sùn á jí.

"Bùròdá Jóṣúà, ẹ̀yin lẹ gbà mí o. Àìsàn tó ṣe yín náà ló ń ṣe mí. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, Mọ́mì mi gan-an ò mọ̀. Abẹ́rẹ́ ogún péré ni mo tíì gbà nígbà tí ẹ jẹ́rìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí mo ṣe délé, mo da gbogbo oògùn sí ṣáláńgá. Mo ní Ọlọ́run Bùròdá Jóṣúà, èmi náà rèé."

Oṣù méjì ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ tó ń sọ yìí. Ẹnu tó ń dùn, ẹnu tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ wo ohun tó sọ jáde: "Ògo ni fún Ọlọ́run. Má ṣe ṣiyèméjì."

Ọ̀rọ̀ tó ń tì mí lójú jù láyé mi nìyẹn. Èyí tí mo sọ níwájú ìjọ, mo lè ní orí mi ló gbóná. Ṣùgbọ́n èyí, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Àmùrè búlúù ni mi ò fẹ́ kó bọ́.

Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Mo máa ń jáde kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Mo ń gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ń ha, tó ń dá orin sílẹ̀ kí ẹlòmíràn bá a gbé e. Mo ń sọ fún ara mi pé ṣé Ọlọ́run ò lè wò ó sàn lóòótọ́ ni? Ta ni èmi tí màá dí i lọ́wọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ a máa fi ohùn ìgbàgbọ́ sọ̀rọ̀ bó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ ṣọ́ra fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mọrẹ́nikẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá. Ó gbé aṣọ funfun rẹ̀ dání. "Bùròdá, ó ti ṣò lára mi. Ẹ bá mi dín in." Mo fa téèpù, mo wọn ìbàdí rẹ̀. Mo ṣí ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Ó ti fi ìnṣì márùn-ún dín. Mo tún un wọ̀n, bóyá mo ṣì í. Ìnṣì márùn-ún ni. Ṣòkòtò tèmi tí mo dín lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló wá sí mi lọ́kàn. Mo jókòó sórí àga máṣíìnì.

"Mọrẹ́nikẹ́, irọ́ ni mo pa. Mo gba abẹ́rẹ́. Mo lo oògùn ní àárọ̀ òní. Jọ̀ọ́, padà sí ọsibítù."

Ó wò mí, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tó ń ṣàánú èèyàn.

"Mo ti mọ̀ pé ìdánwò á dé. Mi ò mọ̀ pé ẹnu yín ni Èṣù máa gbà. Ẹ má ṣe jẹ́ kó gba ìṣẹ́gun yín o, Bùròdá."

Ó ká aṣọ rẹ̀, ó lọ. Irọ́ mi ló gbà gbọ́, òótọ́ mi ni kò gbà. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Nígbà tí mo sọ fún Àbẹ̀kẹ́, kò bú mi. Ó kàn ní, "Ibi tẹ́ ẹ ti da omi náà sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lọ nù ún."

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá Wòlíì ní ọjọ́ Sátidé. Mo rò pé wọ́n á ní kí a bò ó mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ìjọ. Wọ́n ní, "Ọ̀la lo máa sọ ọ́. Bó o ṣe pariwo èyí, ni kó o pariwo ìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, mo dìde. Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín dè mí, wọ́n rò pé ìtàn dídùn tún dé. Mo yí àyà aṣọ mi síta, mo fi àpò náà hàn wọ́n, mo yọ agolo, mo da oògùn sí àtẹ́lẹwọ́. Mo sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹnì kan wà nínú ìjọ tó ti da oògùn tirẹ̀ nù nítorí mi. Mi ò dárúkọ. Kò sí ẹni tó ṣe halelúyà. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, òmíràn pòṣé. Mọrẹ́nikẹ́ ò sí níbẹ̀, ara rẹ̀ ò le. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, dìde dúró.

"Ọmọ mi ni! Ọmọ mi tó ń wúkọ́ tó ní òtútù ni!" Ó wá bá mi, ó di àmùrè mi mú. "Jóṣúà, bí ọmọ mi bá kú ńkọ́? Ẹ̀rí wo lo máa jẹ́ nígbà yẹn?"

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, òun àtèmi la mú Mọrẹ́nikẹ́ lọ sí ọsibítù, ìyá rẹ̀ ló wọ́ ọ dé ọkọ̀. A jókòó sórí bẹ́ńṣì. Nọ́ọ̀sì tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn ló yọ sí wa.

"Télọ̀! Kí lẹ tún wá ṣe? Ọjọ́bọ̀ kọ́ ni tiyín ni?" Ojú rẹ̀ wá já lu Mọrẹ́nikẹ́. "Ìwọ! A ti ń wá ẹ!"

Mọrẹ́nikẹ́ yíjú sí mi. "Ibí lẹ ń wá ní gbogbo ìgbà yẹn?"

"Ibí ni."

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ jẹ́rìí yẹn ńkọ́?"

"Mo ti lo tàárọ̀ kí n tó jáde nílé. Tọ̀sán wà nínú àpò mi."

Ó kọjú sí ògiri títí wọ́n fi pè é.

Wọ́n dá a dúró fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ láti oókan. Kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ apá kan ò bọ̀ sípò. Kò lè gbé orin mọ́, èémí rẹ̀ ò tó o. Iṣẹ́ Dùgbẹ̀ ti lọ. Mo ń lọ kí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyá rẹ̀ ló máa ń dá mi lóhùn. Bàbá Wòlíì gba àmùrè mi, wọ́n ní kí n máa jókòó lẹ́yìn pátápátá, lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń wọ aṣọ funfun láti bí ogún ọdún. Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ irọ́ ti tán lára mi lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́. Tán kẹ̀! Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá béèrè ṣòkòtò, mo ní, "Bọ́tìnnì nìkan ló kù." Ó ti dé títì kí n tó gbọ́ ara mi. Mo sáré tẹ̀ lé e, téèpù lọ́rùn. "Ẹ dákun, irọ́ ni. Mi ò tíì gé e." Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Àwọn oníbàárà kan ti kúrò lọ́dọ̀ mi, torí bí mo bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn á lọ sọ́dọ̀ èyí tó ní Sátidé. Àmọ́ láràárọ̀ ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi ṣọ́ ẹnu yìí, bí mo ṣe ń lo oògùn láràárọ̀ nígbà yẹn. Ọjọ́ tí mo bá fò, mo máa ń mọ̀.

Oògùn tèmi ti parí, nọ́ọ̀sì ti pa káàdì mi dé, fọ́tò àyà mi mọ́. Ẹ̀yin tó wà lórí bẹ́ńṣì yẹn lónìí, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni. Ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì lo oògùn yín tán. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ò lo nǹkan kan, ẹ wo abẹ́ aṣọ rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, Mọrẹ́nikẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti sanra díẹ̀. Ó gbé aṣọ funfun rẹ̀ lé orí tábìlì.

"Ẹ lẹ àpò mọ́ ọn."

Mo ní, "Àpò kẹ̀? Lára aṣọ funfun?"

"Oògùn mi ku oṣù mẹ́rin. Mo ti sọ fún Bàbá Wòlíì, wọ́n ní kò burú. Òkè àyà ni kẹ́ ẹ fi sí, níta, níbi tí gbogbo èèyàn á ti máa rí i. Ìgbà wo ni kí n wá gbà á?"

Sátidé ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo aṣọ tó wà nílẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní, "Ọjọ́ Ẹtì, kì í ṣe tọ̀sẹ̀ yìí, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó fa àpótí sún mọ́ máṣíìnì, ó sì jókòó.

"Ẹ má bínú, Bùròdá. Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Ẹ rán an, mo ń wò yín."

Mo ti aṣọ tó wà níwájú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ki òwú funfun bọ abẹ́rẹ́, mo sì rán an lójú rẹ̀.